Orúkọ Mẹ́sàn-án àti Kọ́kọ́rọ́ Kan

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé, kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá ni mo tú kúrò létí ìró mi. Mo kà wọ́n lé àbúrò mi, Ṣadé, lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti ẹnu-ọ̀nà iwájú, ti ẹ̀yìnkùlé, ti yàrá, ti ilé ìdáná, ti àpótí aṣọ, ti kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó àwo àlejò sí. Méjì wà nínú wọn tí a kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣí mọ́, ṣùgbọ́n mo ka àwọn náà.

Ṣadé wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń lọ sí America ni àbí ẹ ń pín ogún?"

Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ó so wọ́n mọ́ ìró tirẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé ìwé girama ni mo kà dé, n kò lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kà, mo máa ń kà á pé. Ìyá mi ni ó kọ́ mi pé obìnrin tí kò bá mọ iye kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, àlejò ni nínú ilé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọdún méjìlá rèé. Ọkọ mi ti ṣáájú èmi àti Tọ́pẹ́, ọmọ wa, dé ibí. Ó wá gbé wa ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta, a wakọ̀ títí a fi dé Grayson, níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí ìbejì, tí kò sì sí ẹyọ ènìyàn kan lójú títì. Bí a ṣe kọjú sí ilé tiwa, ọkọ mi tẹ nǹkan kan lókè orí rẹ̀ nínú ọkọ̀, ni ògiri ilé bá dìde fúnra rẹ̀. Mo pe orúkọ Jésù. Tọ́pẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Garage ni," ọkọ mi wí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?"

"Kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnu-ọ̀nà iwájú náà, nọ́ńbà la ń tẹ̀."

Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní America nìyẹn. Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe òyìnbó. Fún oṣù mélòó kan ni mo fi ń fọwọ́ kan etí ìró mi láàárọ̀, tí n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi ra séèfù onírin kan, tí ó dè é mọ́ ilẹ̀ nínú wọ́dúróòbù wa, tí mo sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ gidi ni wọ́n fi ń ṣí i, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó parí àlàyé. Ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti da ìkejì nù mọ́ páálí tí wọ́n fi dì í wá. Ẹyọ kan tí ó kù ni mo so mọ́ okùn káàdì iṣẹ́ mi. Gbogbo ìwé wa wọ inú séèfù náà: páásípọ́ọ̀tù, green card, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilé. Lẹ́yìn náà ni ìbọn wọ ibẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìbọn yẹn bà yín lẹ́rù. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ẹ̀bá Ṣakí ni bàbá mi ti ṣọdẹ fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Kò tètè bí ọkùnrin, nítorí náà èmi ni ó máa ń mú dání lọ sóko. Mo mọ bí a ṣe ń ki ìbọn ṣakabùlà kí n tó mọ bí a ṣe ń dirun. Ṣùgbọ́n ariwo ṣakabùlà kì í lọ lásán. Ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún ni bàbá mi máa ń gbé e sí, etí ọ̀tún náà ni ó kọ́kọ́ kú. Ti òsì tẹ̀lé e.

Nítorí èyí, bí mo bá pe ilé, kì í ṣe ìpè, ìkéde ni. Ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pè. Ṣadé á gbé fóònù sí bàbá létí òsì.

"Bàbá, èmi ni o!"

"Ta ni?"

"Èmi ni! Ọmọ yín ní America!"

"America ti gba ohùn ọmọ yìí," bàbá mi á wí fún Ṣadé, bí ẹni pé n kò sí lórí fóònù. "Ó kéré tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gba ìyókù."

Ṣadé á wá pariwo ọ̀rọ̀ mi sí i létí, á sì pariwo èsì rẹ̀ padà sí èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe etí tèmi.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Lawrenceville ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ràn. Láti Monday dé Friday, èmi ni mò ń pariwo sí etí bàbá ẹlòmíràn. Tó bá di Sunday, ẹlòmíràn á bá mi pariwo sí etí bàbá tèmi. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé ká ní wọ́n lè bá wa ṣe pàṣípààrọ̀ ni, ọkọ̀ òfurufú kò ní rí èrò gbé.

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá òyìnbó kan tí ó ti ṣọdẹ àgbọ̀nrín nígbà èwe rẹ̀, ni ó sọ fún mi pé ká ní òun ti so sáílẹ́ńsà mọ́ ẹnu ìbọn òun láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, òun ì bá ṣì máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ-ọmọ òun. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe àwọn apànìyàn inú fíìmù ni wọ́n ń lo ìyẹn ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní irọ́ ni fíìmù ń pa. Ìbọn náà ṣì máa ń dún, ṣùgbọ́n kò ní dún débi tí yóò fi di èèyàn létí. Ó ní òfin gbà á ní Georgia, bí èèyàn bá ti lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ó tó gbà á.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin.

Ọkọ mi, ọmọ Ìbàdàn ni, ọmọ ìgboro. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní hospital ní Downtown Atlanta ni ó mú un lọ sí oko kan tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti ń ba ẹ̀pà jẹ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, igi mẹ́ta ni ó yìnbọn pa. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo tẹ̀lé e, mo gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pa ẹlẹ́dẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé, "A pa ẹlẹ́dẹ̀." N kò bá a jiyàn. Òun ni ó wakọ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn ọkọ ẹlòmíràn ì bá ra wúrà. Tèmi gbé páálí kékeré kan ka orí tábìlì oúnjẹ. Mo ṣí i. Sáílẹ́ńsà ni, dúdú, ó gùn tó ṣùkù àgbàdo kan. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba, ó ti tẹ̀ka, ó ti dúró títí wọ́n fi dá a lóhùn, n kò sì gbọ́ gbúròó rẹ̀.

"Etí rẹ ni mo rò," ó wí. "Mi ò fẹ́ kí Tọ́pẹ́ máa pariwo sí ọ létí lọ́jọ́ ogbó rẹ."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò. Kò sí èyí tí ó wọ̀ mí lára bí ìyẹn.

Ayọ̀ náà pé ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday kan, ọkọ mi ń fọ́nnu fún Lọ́yà, obìnrin kan nínú ìjọ wa tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí kóòtù Lawrenceville. Lọ́yà kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè báyìí, gbogbo wa ni a máa ń dákẹ́.

"Daddy Tọ́pẹ́, orúkọ ta ló wà nínú ìwé ìjọba yẹn?"

"Tèmi."

"Tiyín nìkan?"

"Èmi nìkan. Mo fẹ́ fi ṣe surprise fún Mummy Tọ́pẹ́ ni."

"Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ séèfù?"

Ọkọ mi nawọ́ sí mi tìgbéraga-tìgbéraga. "Ta ni ì bá tún mú un? Ìyàwó mi ni!"

Lọ́yà gbé gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nǹkan yìí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ wà lóko, Mummy lè yìn ín, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí Daddy bá lọ sí shift, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Mummy, a jẹ́ pé nǹkan tí kò sí lórúkọ wọn ló wà níkàáwọ́ wọn. Federal ni ọ̀rọ̀ yẹn o. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ ńbẹ̀. Mummy ò sì tíì gba citizenship."

"Nítorí nǹkan tí mo fún ìyàwó mi?"

"Nítorí nǹkan tí ẹ fún ìyàwó yín, sà."

Ó ní ọ̀nà àbáyọ wà, òun yóò pè wá láìpẹ́ láti ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ náà gan-an.

Nínú ọkọ̀, kí a tó dé Grayson, mo tú u kúrò lára okùn káàdì mi, mo fi lé e lọ́wọ́. N kò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi mọ̀ mí. Bí mo bá dákẹ́ ju bí mo ṣe máa ń dákẹ́ lọ, ńṣe ni ó máa ń wakọ̀ jẹ́jẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó wà nínú séèfù. Ìwé ìwakọ̀ mi yóò parí ní ọjọ́ ìbí mi, ọjọ́ Friday ọ̀sẹ̀ náà. Ní Thursday mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè lọ gba tuntun. Wọ́n ní kí n mú páásípọ́ọ̀tù àti green card mi wá. Mo dúró níwájú séèfù, mo fọwọ́ kan okùn ọrùn mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pe ọkọ mi.

"Ìyá Tọ́pẹ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Páásípọ́ọ̀tù mi wà nínú séèfù."

Ó ní, "Yéè."

"Ṣé kí n wá gba kọ́kọ́rọ́ ní Downtown?"

"Wá gbà á kẹ̀! Rárá o! Bí o bá mú un délé tí èmi ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Lọ́yà wí ni?"

"Ẹ wá ṣí i fún mi, nígbà náà."

"Èèyàn méjì ni kò wá sí shift lónìí. Mi ò lè kúrò."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Double ni mo ń ṣe lọ́la, shift méjì léra."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tí ìwé ìwakọ̀ mi sì kú lọ́jọ́ kan náà.

Ẹni tí kò bá gbé Grayson rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àti ra iyọ̀, ọkọ̀ ni. Lọ́jọ́ Saturday tí mo ní iṣẹ́ àfikún, Tọ́pẹ́, tí ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Downtown, ni ó gbé mi lọ sí Lawrenceville, tí ó sì tún wá dúró dè mí nírọ̀lẹ́ bí ìyá tí ó wá mú ọmọ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi.

"Mummy, seatbelt yín. Ẹ jẹun?"

"Mo jẹun."

"Good girl."

Mo yíjú sí i. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Sorry ma. Sorry. Ó kàn jáde ni."

Monday ni ọkọ mi tó rí àyè. Ó ní kí n dúró sí ẹnu-ọ̀nà yàrá, ó ṣí séèfù, ó sì na páásípọ́ọ̀tù mi sí mi bí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a kó àwọn ìwé náà sínú agolo bisikíìtì. Mo ní ìwé tí mo fi wọ America kò ní bá abẹ́rẹ́ àti òwú gbé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀, ọ̀rọ̀ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. Àlejò. Mo rò pé mo ti kúrò nípò àlejò ní America. Mo ti mọ ojú ọ̀nà, mo ti mọ orúkọ aládùúgbò mẹ́rin, mo ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń wá kó ìdọ̀tí. Ẹ wá wo èmi náà tí mo dúró lẹ́nu-ọ̀nà yàrá ara mi kí wọ́n tó na ìwé mi sí mi. N kò bínú sí ọkọ mi, n kò bínú sí òfin. Mo kàn fẹ́ kọ́kọ́rọ́ mi padà.

Lọ́yà pè lọ́jọ́ kejì, ó ṣàlàyé. Ó ní ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní trust. Mo pè é ní ìwé àjọni lọ́kàn mi. Ìwé náà ni yóò ni sáílẹ́ńsà, kì í ṣe ènìyàn kan. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, tí ìjọba sì fọwọ́ sí, ó lè mú kọ́kọ́rọ́, ó lè mú nǹkan náà lọ sóko, yálà àwọn yòókù wà níbẹ̀ tàbí wọn kò sí.

Ojú ọkọ mi là. "Á, bí ilé ẹbí!"

"Bí ilé ẹbí ni, sà," Lọ́yà wí. "Ẹ ṣáà kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́, kí ẹ pè mí."

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìbàdàn. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ènìyàn kan, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a tà. Ṣùgbọ́n bí o bá ka àwọn tí ó ni ín, tí o fo ẹnì kan, ẹjọ́ tí o dá sílẹ̀ yóò pẹ́ ju ilé náà lọ. Nítorí náà ọkọ mi kò gbọdọ̀ dá orúkọ kọ. Ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ìbejì, tí ń gbé ní Lawrenceville.

Bàbá Ìbejì dé ní ọ̀sán Saturday pẹ̀lú ìwé kékeré kan àti bírò méjì. Ó jókòó sí àga ọkọ mi. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sókè.

"A ó tò ó bí wọ́n ṣe bí wa," ó wí. "Èmi. Ìwọ. Ìwọ. Àbúrò wa obìnrin ní Maryland. Èyí tó wà ní Ìbàdàn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹni tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ fi sáílẹ́ńsà tó wà ní Georgia ṣe?"

"Ṣé wọ́n bí i nílé wa àbí wọn ò bí i?"

"Wọ́n bí i."

"Ó ti parí nìyẹn. Àwọn ọmọ wá kàn. Àwọn ìbejì mi, méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ti kú, tó wà níléèwé ní Alabama. A ò lè torí pé bàbá kú ká fi ọmọ sílẹ̀. Tọ́pẹ́. Ó pé."

Mo ń gbé dùndún àti ẹja díndín ka iwájú wọn nígbà náà. Mo ka orúkọ náà láti òdìkejì tábìlì. Mẹ́sàn-án ni. Mo tún un kà.

Tọ́pẹ́ náà dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó yọjú sí ìwé náà. "Where's Mummy?"

"Ìyá rẹ kọ́ rèé tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀?" Bàbá Ìbejì wí.

"No sir. Nínú list."

Bàbá Ìbejì kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fi sùúrù dá ọmọ lóhùn. "Ọmọ mi, ìyàwó ni. Ìyàwó kì í sí nínú ohun ìní ẹbí ọkọ. Ẹbí tirẹ̀ ń bẹ ní Ṣakí. Bí wọ́n bá pín ṣakabùlà níbẹ̀, yóò gba ìpín tirẹ̀."

"But Uncle, òun ni wọ́n ra nǹkan yẹn fún!"

"A gbọ́. Àwa máa bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń yẹ ìwé náà wò sókè sódò bí ẹni tí ń wá gíláàsì tí ó wà lójú rẹ̀. Ó ti gbàgbé mi pátápátá, kì í ṣe pé ó fẹ́ ibi. Ẹni tí ó bá ń ka àwọn ará ilé kì í sábà ka ara rẹ̀. Ó jọ pé ó ti kà mí mọ́ ara rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò mọ ìyẹn.

"Bàbá Ìbejì," mo wí, "ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí, ta ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́?"

"Àgbà ni."

"Ẹ̀yin, ní Lawrenceville."

"Èmi ni."

"Séèfù á sì wà níbí. Bí mo bá fẹ́ mú páásípọ́ọ̀tù mi ńkọ́, ṣé kí n máa pè yín?"

"Pè mí nígbàkigbà, ìyàwó wa. Kó ṣáà má jẹ́ ìgbà tí mo bá ń sun oorun ọ̀sán."

"Ẹ ṣé, sà," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí a pe Lọ́yà, kí ó lè mọ̀ pé orúkọ ti pé."

Tọ́pẹ́ fi Lọ́yà sórí speaker. Bàbá Ìbejì sún mọ́ fóònù, ó sì kéde. "Lọ́yà, a ti kọ orúkọ. Mẹ́sàn-án péré."

"Mẹ́sàn-án! Ẹ gbà mí o. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo alábòójútó ló máa tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ sí ìjọba? Á fi fọ́tò ẹ̀ sí i, á dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, á tún fi ẹ̀dà ìwé yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀."

Bàbá Ìbejì gbé dùndún tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?"

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, sà."

"Àtàǹpàkò náà?"

"Méjèèjì, sà."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ níwá àti lẹ́yìn. "Yọ orúkọ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ọkọ mi wí. "Ṣé ẹ ṣe nǹkan kan ni?"

"Mi ò jalè, mi ò gbé oògùn. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dédé lọ kí ọlọ́pàá."

Báyìí ni ilé ẹbí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Lọ́yà ní ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn kò lè sí níbẹ̀, nítorí kò gbé nílẹ̀ yìí. Ó béèrè ọjọ́ orí àwọn ìbejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Wọ́n jáde. Ọmọ tí ó wà ní Alabama, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi wọlé, òfin kò gbà á láyè. Ọkọ mi fi fóònù tirẹ̀ pe Houston. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ "ìka", ó ní ọ̀gá òun ń pe òun. Ti Maryland ní òun yóò máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́.

"Tọ́pẹ́ ńkọ́?" Lọ́yà béèrè.

"Mi ò fẹ́ touch nǹkan kan, Aunty. Mo kàn fẹ́ jogún ẹ̀."

"Ìyẹn ṣe é ṣe. Ajogún kì í tẹ̀ka. Ó ku ta ni báyìí?"

"Èmi," ọkọ mi wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹ̀yin nìkan? Daddy, èèyàn kì í dá nìkan jọ ní nǹkan. Mummy dà? Ṣebí torí wọn la ṣe ń ṣe gbogbo èyí?"

"Wọ́n wà níbí," Tọ́pẹ́ wí. "They're holding the dùndún."

Ọkọ mi gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó yí ojú ìwé náà sí tuntun, ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó sì kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀, gbàgàdà gbàgàdà, bí ẹni ń kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó tún fa ìlà sí i nídìí.

Ojú Bàbá Ìbejì ti fà ro. Kò dára kí àgbà wá sílé ẹni pẹ̀lú bírò méjì, kí ó má lo ọ̀kankan dé ìparí. Mo sún mọ́ fóònù.

"Lọ́yà, ṣé ìwé náà kò ní nílò ẹlẹ́rìí?"

"Ó nílò ẹ̀, ma."

"Ṣé ẹlẹ́rìí máa ń tẹ̀ka?"

"Rárá o. Ó kàn máa fọwọ́ sí i ni."

"Bàbá Ìbejì," mo wí, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, "ẹ̀yin ni àgbà. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò gbà pé ilé wa ni ó ti jáde?"

Ó gbé bírò kejì lé orí ìwé rẹ̀, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé obìnrin yìí ní làákàyè. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹyọ dùndún mẹ́fà. Mo kà á.

Ibi tí mo ti lọ tẹ̀ka wà nínú plaza kan ní Lawrenceville, láàárín ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná àti ibi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ tẹ ìka mi mọ́ gíláàsì, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó nù ún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tún kọ̀. Ó gbé ọwọ́ mi sókè sí iná, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń wẹ àwọn àgbàlagbà. Ó mi orí. Ó ní ọṣẹ àti bílíìṣì ti nu ìlà ìka mi, pé òun ti rí irú rẹ̀ lára àwọn nọ́ọ̀sì.

Mo wo ìka mi. Ní ẹ̀bá Ṣakí, ẹ̀tù ìbọn máa ń dúdú sínú àwọn ìlà náà débi pé ìyá mi lè ka ìka mi lára aṣọ funfun. Wọn kò sọnù o. Ara àwọn ará Georgia ni wọ́n ti parẹ́ sí, lẹ́yìn ẹnì kan, léjìká ẹlòmíràn. Ìlú tí ó nù wọ́n nù ni ó tún wá ń béèrè wọn lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà fi ìpara pa ọwọ́ mi, a jókòó dúró kí ó wọra, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ gba gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé.

A dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó dé, ọkọ mi kò pariwo. Ó mú okùn káàdì iṣẹ́ mi níbi tí mo gbé e kọ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, ó ta á ní kókó méjì, ó sì gbé e kọ́ mi lọ́rùn bí ẹni pé mo gba àmì-ẹ̀yẹ.

Ní Saturday tí ó tẹ̀lé e, ó lọ sí shift. Èmi dá wakọ̀ lọ sóko ẹ̀pà, pẹ̀lú ìwé àjọni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀. Mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìbínú pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹyẹ kan lórí igi, mo gbọ́ ewé ẹ̀pà, mo sì gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà tí ó ń sá lọ pẹ̀lú àlàáfíà ara. Mo tàsé rẹ̀. N kò sọ ìyẹn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún bàbá mi lọ́jọ́ kejì. Ṣadé pariwo gbogbo rẹ̀ sí i létí: ìbọn tí kò dún jù, ìwé, ẹbí ọkọ, ìka. Bàbá mi ronú.

"Ẹran tí kò bá gbọ́ ìbọn," ó wí, "ta ni yóò sọ fún un pé ó ti kú?"

"Kò kú, Bàbá. Mo tàsé."

Kò gbọ́ ìyẹn. Ó wá béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. "Ṣé orúkọ rẹ wà nínú ìwé ilé ọkọ rẹ yẹn?"

N kò dúró de Ṣadé. Mo pariwo bí n kò ṣe pariwo rí láti ìgbà tí ògiri garage ti dìde sí mi. "Ó WÀ NÍBẸ̀, BÀBÁ! ORÚKỌ KEJÌ!"

Tọ́pẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Lórí fóònù, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ bàbá mi tí ń sọ fún Ṣadé pé, "Kí ló dé tí o dákẹ́? Mo ti gbọ́. Wọ́n ti dá ohùn rẹ̀ padà."

Nínú ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ń ká aṣọ ní yàrá nígbà tí ọkọ mi wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ rí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó sì ti fẹ́ pẹ́.

"Ìyá Tọ́pẹ́, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mo rọra gbé aṣọ kalẹ̀. "Ṣé orúkọ yín wà níbẹ̀?"

"Èmi ni àkọ́kọ́!"

"Mo mọ̀," mo wí. "Ẹ dúró sí ẹnu-ọ̀nà yàrá."

Ó dúró.